Ẹnà Ìyá Àgbà àti Ẹnà Òkè Òkun

Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà nínú àpò ṣòkòtò ilé wa ni mò ń wá, àfi ìgbà tí mo fi ìwé kíkà rìn dé ilẹ̀ Bùràsíìlì kí n tó rí i. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ọ̀dọ̀ ìyá tí ó bí ìyá mi ni mo sì gbé dàgbà. Aṣọ ni Ìyá Àgbà ń tà ní ọjà Akẹ̀sán. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta kan ní ẹnà tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí oníbàárà bá dúró sí ìsọ̀ wọn. Wọn a fi sọ iye tí wọ́n ra ọjà gan-an, wọn a fi sọ pé ẹni tí ó ń yẹ aṣọ wò yìí kò ní kọ́bọ̀ lápò, wọn a sì fi sọ̀rọ̀ àwọn ọkọ wọn níṣojú àwọn ọkọ náà. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́, n kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí pé méjì nínú wọn ṣì wà láyé, wọ́n sì ṣì ń tajà.

Ní ọ̀kánkán ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Télọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aṣọ obìnrin ni ó ń rán, kò sì sí ìyàwó tuntun tí ó fẹ́ kí bùbá òun bá òun mu tí kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó máa ń rọra rìn, ó máa ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó sì máa ń dirun. Ó ti tó ọmọ ogójì ọdún, kò fẹ́ ìyàwó. Bí ó bá ń kọjá, àwa ọmọdé a tẹ̀ lé e, a ó máa fi orúkọ kan kọrin sí i lẹ́yìn. Èébú ni orúkọ náà, kò ṣe é tẹ̀ sínú ìwé yìí. Ẹ má ṣe rò pé mo dá ara mi yọ: ohùn tèmi wà nínú orin náà, ó sì máa ń ròkè.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan kóra jọ sí ìdí igi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn kò dùn mọ́ni. Ìyá Àgbà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń ti ọjà bọ̀. Wọ́n yà sí ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Télọ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ bèèrè aṣọ tí wọ́n gbé fún un. Wọ́n dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ kan aṣọ kan, wọ́n sì ń bá ara wọn fi ẹnà sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí Bọ̀dá Télọ̀ ti ń bá wọn ṣòwò, ó gbọ́ ẹnà wọn. Ó fi àlùmọ́gàjí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ń lọ ra òwú. Kò padà wá mọ́.

Ní òru ọjọ́ náà, wọ́n já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n sì fọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ní òwúrọ̀, àwa ọmọdé lọ wòran. A rí ẹ̀rọ ní ilẹ̀, a rí aṣọ àwọn èèyàn nínú ẹrẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà rí mi láti ojú fèrèsé. Kò nà mí, kò bá mi wí. Ó kàn pè mí wọlé pé kí n wá jẹun.

Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́kàn mi nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí ó tó àkókò láti yan orí-ọ̀rọ̀ fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá wa, mo ní èmi yóò kọ nípa àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà nínú èdè Potogí ti Bùràsíìlì. Mo rò pé iṣẹ́ tí ó rọrùn ni. Ta ni kò mọ ìtàn náà? Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn èèyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn ẹrú Mùsùlùmí tí wọ́n dìde ogun ní Salvador ní ọdún 1835. Ọ̀kan nínú àwọn ilé òrìṣà tí ó lókìkí jù ní ìlú náà, Ilê Axé Iyá Nassô Oká, oyè ààfin Ọ̀yọ́ ni ó fi ń jẹ́ orúkọ: Ìyá Nàsó, tí ó ń bójú tó Ṣàngó Aláàfin.

Ibi tí mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ ni mo ti kan ìdánwò kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ju mílíọ̀nù 4 lọ jókòó ṣe ENEM, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Bùràsíìlì. Ìbéèrè kan nínú rẹ̀ dá lórí èdè ìkọ̀kọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Pajubá. Àwọn tí ó ni èdè náà ni àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin, àti àwọn travesti, ìyẹn àwọn tí agbẹ̀bí pè ní ọkùnrin ní ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbé ayé wọn bí obìnrin. Wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni ó fi hàn pé èdè náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó ti wọ inú ìwé: ìwé atúmọ̀-èdè kan, Aurélia, ti jáde ní ọdún 2006, ọ̀rọ̀ tí ó ju 1,300 lọ sì wà nínú rẹ̀. Ariwo ta. Jair Bolsonaro, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sípò ààrẹ nígbà náà, bu ẹnu àtẹ́ lu ìbéèrè náà.

Mo wá àwọn ọ̀rọ̀ náà kà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, orí mi wú. Omi ni wọ́n ń pe omi. Ilê ni ilé, axó ni aṣọ, otim ni ọtí. Ajeum ni oúnjẹ, ta ni kò ní gbọ́ “jẹun” nínú rẹ̀? Equê ni irọ́, èké tiwa ni. Ocó ni ọkùnrin, etí ìyàwó ilé kankan kò sì ní ṣàì gbọ́ “ọkọ” níbẹ̀. Odara ni ohun tí ó dára. Ẹ wo èyí dáadáa: odidi gbólóhùn ni “Ó dára”, ó ní olùwà, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí ó la òkun kọjá, ó di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe. Ọ̀rọ̀ yìí wọ gbogbo ìlú débi pé Caetano Veloso fi ṣe àkọlé orin ní ọdún 1977. Owó nìkan ni n kò lè tú, nítorí aqué ni wọ́n ń pè é. Mo pè é sókè nínú yàrá wa, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, tí ó jẹ́ Ẹ̀gùn láti Àgbádárìgì, sì ta gìrì. Ó ní, “Owó ni! Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pe owó ní ilé wa.” Bí àwa àti Ẹ̀gùn ti jọ jẹ́ aládùúgbò níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ náà ni a jọ wà ní ẹnu àwọn travesti lọ́hùn-ún.

Báwo ni èdè wa ṣe dé ẹnu wọn? Ilé òrìṣà ni. Ẹni tí bàbá lé jáde, tí ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà, a rí ẹni gbà á sí ilé òrìṣà. Níbẹ̀ ni yóò ti rí oúnjẹ, tí yóò rí ìyá, tí yóò sì gba orúkọ tuntun. Ruth Landes, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, dé Bahia ní ọdún 1938, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1940 pé irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí ń di olórí ilé òrìṣà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan bínú sí i nítorí rẹ̀. Èdè tí wọ́n ń gbọ́ nínú ìsìn ni àwọn wọ̀nyí gbé lọ sí ìgboro. Ní ayé ìjọba ológun, láti ọdún 1964 sí 1985, àti lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, àwọn ọlọ́pàá ń kó àwọn travesti ní òpópónà. Ní ọdún 1987, wọ́n dìídì gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ ní São Paulo láti máa kó wọn, Tarântula ni wọ́n sọ ọ́. Bí ewu bá ń bọ̀, ẹnì kan a fi ẹnà ké sí èkejì, ọlọ́pàá tí ó dúró láàárín wọn kò sì ní mọ ohun tí wọ́n sọ.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀ tán, mo pa ìwé dé. Mo rí Ìyá Àgbà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo rí ọwọ́ rẹ̀ lórí aṣọ, mo sì mọ ohun tí ó sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, láti kékeré ni mo ti ń rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin bí agbára, tí ó dirun bí obìnrin, tí a sì ń pè ní ìyàwó òrìṣà. Orúkọ yẹn náà ni ó di iaô ní Bahia, akọ ni, abo ni. Ní ilé wa, irun náà ń sọ ẹni tí ó ni ẹlẹ́gùn, kò sọ ẹni tí ó ń bá sùn. J. Lorand Matory kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1994, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ tirẹ̀ ní 1997, ọ̀nà wọn kò sì pa pọ̀. N kò fẹ́ fi ẹ̀wù Bahia wọ Ọ̀yọ́. Ohun tí mò ń sọ kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí àwọn ẹni ìtìjú ayé ń wá ohun tí wọn yóò fi bo ara wọn, èdè wa ni wọ́n rí.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n pa orí-ọ̀rọ̀ náà tì. Ọ̀kan ní, “Ṣé o kò mọ òfin ọdún 2014 ni?” Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 wà nínú rẹ̀ fún ọkùnrin tí ó bá fẹ́ ọkùnrin níyàwó, tàbí obìnrin tí ó bá fẹ́ obìnrin. Mo gbé ẹ̀rù mi lọ sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ tí ń bójú tó iṣẹ́ mi. Ó ka ojú ewé tí mo kọ, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Àwọn ọ̀rọ̀ tí o kó jọ yìí, ṣé Yorùbá ni wọ́n àbí wọn kì í ṣe Yorùbá?” Mo ní Yorùbá ni wọ́n, mà. Ó ní, “Ó dáa. Lọ ṣiṣẹ́ rẹ, kí o sì rí i pé àmì ohùn rẹ pé.”

Ní ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ọ̀yọ́. Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ náà fún Ìyá Àgbà. Nígbà tí mo dé orí ajeum, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Àwọn wo ni wọ́n ń sọ ọ́?” Mo sọ fún un. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá bi í léèrè ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní, “Àjọkẹ́, ohun tí mo sọ kò ju pé kí ó má sùn sílé. Ṣé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́?” Mo ní, “Ìyá, mo rẹ́rìn-ín ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.” Ó ní, “Mo rí ọ. Ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn. Ìwọ kì í ṣe ọmọdé mọ́.”

Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé Bọ̀dá Télọ̀ wà láyé, pé ó ń ránṣọ ní ìlú mìíràn. Orúkọ ìlú náà, ẹnà ni ó fi sọ ọ́, mo sì gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1591, ní Salvador, wọ́n fẹ̀sùn kan ẹrú kan tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Kóńgò pé kò gbà láti wọ aṣọ ọkùnrin. Francisco ni wọ́n kọ sínú ìwé ilé-ẹjọ́ ìjọ Páádì. Àwọn travesti òde òní ti wá sọ ọ́ ní Xica Manicongo, wọ́n sì gbà á bí ìyá ńlá wọn. Ní ọdún 2025, ẹgbẹ́ oníjó Paraíso do Tuiuti fi ìtàn rẹ̀ jó nínú àríyá ọdún Carnaval ní Rio de Janeiro, gbogbo ayé sì wò ó. Síbẹ̀, ní ọdọọdún ni ẹgbẹ́ ANTRA ń ka iye àwọn bíi tirẹ̀ tí wọ́n ń pa ní ilẹ̀ náà. Ijó náà kò tíì dá ikú dúró. Ṣùgbọ́n orúkọ èébú kọ́ ni wọ́n fi pè é lọ́jọ́ náà.

N kò lè jó irú ijó bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ kíkójọ, òun ni mo fi ṣe ayẹyẹ tèmi. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn: ọmọ èdè wa ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ẹnu yòówù tí wọ́n bá wà. Ọ̀rọ̀ 46 ni mo kó sínú àpilẹ̀kọ mi. Mo fi àmì ohùn sí gbogbo èyí tí ó ti ilé wa lọ. Kò sí èébú kankan nínú wọn.

Bí mo bá parí ìdánwò àṣekágbá, mo fẹ́ gbé aṣọ kan lọ fún Bọ̀dá Télọ̀ kí ó bá mi rán an. Mo ti mọ ohun tí n ó kọ́kọ́ sọ fún un, mo sì ti ń fi ẹnà kọ́ ọ lẹ́nu.