Nígbà tí Òṣèlú Wọ Àárín Ẹgbẹ́ Eléré

Ohun tí ó ń so ènìyàn pọ̀ ní ayé yìí ju ẹ̀jẹ̀ àti ìlú lọ. Àwọn kan wà tí kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà, tí èdè wọn kò sì dọ́gba, ṣùgbọ́n tí ìfẹ́ ohun kékeré kan ti sọ di ọ̀rẹ́: ayò títa, orin kíkọ, tàbí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ní ààfin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ní ọba; ìjókòó ìrọ̀lẹ́ ni ilé rẹ̀, ẹ̀rín sì ni èrè rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi máa ń ya ènìyàn lẹ́nu nígbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá wọ inú rẹ̀, tí ó sì tú u ká bí àṣá ti í tú ọmọ adìyẹ ká.

Lọ́pọ̀ ìgbà ni àwa olùkọ́ máa ń bi ara wa léèrè bóyá kí á kúkú fi òfin lé òṣèlú jáde nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí a bá dá sílẹ̀ fún ìgbádùn. Èmi ní èrò kan lórí ìbéèrè náà. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i kọ́, ẹni tí ó fi ọdún mẹ́rìnlélógún ránṣọ ní Kùmásì, láti ọdún 1945 títí di ọdún 1969.

Kùmásì ni olú ìlú ilẹ̀ Àṣáńtì. Ní ayé ìgbà náà, bí ènìyàn bá wọ ọjà ńlá ìlú náà nítòsí Kejetia, kì í pẹ́ kí ó tó gbọ́ èdè Yorùbá. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ti tẹ̀dó síbẹ̀ láti ṣòwò. Alátà ni àwọn onílẹ̀ ń pè wá, àwọn mìíràn a sì máa pè wá ní Ànàgó. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù a péjọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Akọ̀wé ìjọba kan wà nínú wọn, alágbàtà kòkó kan wà níbẹ̀, awakọ̀ kan, Háúsá méjì láti Zongo, àti àwọn Yorùbá oníṣòwò. Wọn a máa fetí sí asọ̀rọ̀mágbèsì, wọn a máa ta ayò, èyí tí àwọn Àṣáńtì ń pè ní oware, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ Asante Kotoko.

Ọdún 1935 ni wọ́n dá Kotoko sílẹ̀ ní Kùmásì. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni òòrẹ̀, ẹranko tí ẹ̀gún bo ara rẹ̀. Òòrẹ̀ yìí kan náà ni àmì ilẹ̀ Àṣáńtì láti ayé ogun àtijọ́, ìgbéraga wọn sì ni pé bí ọ̀tá bá pa ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún mìíràn yóò dé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àti orílẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1954, ìjọba Kwame Nkrumah fi òfin dá iye owó tí àgbẹ̀ yóò máa gbà lórí ẹrù kòkó kan dúró sí ṣílè 72, nígbà tí kòkó ń lówó lórí gan-an ní ọjà àgbáyé. Ìjọba ní òun yóò fi èlé náà tún gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe. Àwọn àgbẹ̀ Àṣáńtì ní òógùn àwọn ni wọ́n fẹ́ fi tún ilé onílé kọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn péjọ sí etí odò Subin ní Kùmásì, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ National Liberation Movement sílẹ̀. Bafuor Osei Akoto, ọ̀kan nínú àwọn agbọ̀rọ̀sọ Asantehene, ni alága wọn. Matemeho ni àwọn ènìyàn wá ń pè wọ́n, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe, ‘Mo ti ya ara mi sọ́tọ̀.’ Àwọn tí ó dúró ti Nkrumah wà nínú ẹgbẹ́ CPP, àwọn Àṣáńtì kò sì ṣàìpọ̀ nínú wọn.

Bàbá mi sọ fún mi pé ìjókòó ni ó kọ́kọ́ pín. Ẹni tí ó ti ń jókòó ti ẹnì kejì rẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jọ́ rẹfirí di ẹ̀jọ́ ìjọba: bí rẹfirí bá fọn fèrè fún ẹgbẹ́ Àkrá, wọn a ní Nkrumah ni ó rán an. Bí ẹnì kan bá sì kígbe ‘Kotoko!’ àwọn mìíràn a bi í pé, ‘Èwo ni o ń kí? Ti pápá ni, àbí ti etí odò?’ Nígbà tí òpìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Jean Allman, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1993 lórí ọ̀ràn ẹgbẹ́ NLM yìí, ẹ̀gún ara òòrẹ̀ ni ó fi ṣe àkọlé ìwé náà. Àwọn tí ó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi kò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ bí ẹ̀gún náà ti ń gún ni.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1954, wọ́n gún E. Y. Baffoe pa ní Kùmásì, ọ̀kan nínú àwọn akéde ẹgbẹ́ NLM. Láti ọjọ́ náà ni àwàdà ti tán. Àní, ìbéèrè bóyá kí ènìyàn lọ kí àwọn ẹbí olóògbé di ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Nígbà náà ni bàbá mi ṣe òfin. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú ní iwájú ṣọ́ọ̀bù òun yóò san ṣílè kan. Gbogbo wọn gbà á, ilé sì rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, alágbàtà kòkó dé pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó ní ọjà òun kò mú owó wá. Akọ̀wé ìjọba ní kí ó san ṣílè rẹ̀, nítorí pé òṣèlú ni ó sọ yẹn. Ọkùnrin náà wo bàbá mi, ó ní, ‘Télọ̀, ebi àwọn ọmọ mi náà, ṣé òṣèlú ni?’ Bàbá mi kò rí èsì fọ̀. Akọ̀wé náà sì ní èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ lọ́wọ́ tirẹ̀, pé owó kòkó kan náà ni a óò fi kọ́ ilé ìwé fún ọmọ ẹni tí kò ní oko kòkó. Òfin ṣílè kan mú kí orúkọ ẹgbẹ́ dákẹ́, kò mú kí ìjà dákẹ́. Kí ọdún 1955 tó parí, ẹgbẹ́ náà ti pín sí méjì. Àwọn kan kó lọ sí Asafo, àwọn ìyókù ṣẹ́kù sí ọ̀dọ̀ bàbá mi.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí kí á fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹnu ni a fi ń sọ ọ́. Nínú èyí ni mo ti rí àbùkù òfin ìdákẹ́. Àǹfààní ẹni tí nǹkan rọ̀ṣọ̀mù fún ni. Ẹni tí òṣèlú kò tí ì dé inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ni ó lè gbà pé kí á má dárúkọ rẹ̀. Ní ti ẹni tí ó ti dé inú ìkòkò tirẹ̀, bí a bá ní kí ó dákẹ́, a ti dìbò lòdì sí i.

Ṣùgbọ́n kí ni ìdí rẹ̀ tí ìjà náà fi gbóná tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ti jọ ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù láìsí ìjà? Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́, ayò sì ni ó là mí lójú. Nínú ayò, ọ̀ta a máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀pẹ kò sì ní bínú, nítorí pé ó mọ̀ pé wọn yóò tún kó ọmọ ayò sílé láìpẹ́. Ìrètí ayò tí a óò tún ta ni ó mú kí ìfìdírẹmi ṣeé gbé mì. Ní ìdìbò oṣù keje ọdún 1956, ẹgbẹ́ NLM gba ìjókòó 12 nínú 21 tí ó wà ní ilẹ̀ Àṣáńtì, CPP sì gba 8. Ṣùgbọ́n CPP ni ó borí ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ohun tí àwọn tí ó pàdánù ń bẹ̀rù ni pé wọn kò ní tún ayò náà ta mọ́. Ẹ̀rù wọn kò sì jẹ́ lásán: ní ọdún 1958 ni òfin jáde tí ó fún ìjọba ní agbára láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ní ọdún 1964 sì ni Gánà di orílẹ̀-èdè ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo. Eré tí kò bá ní àtúnṣe, ogun ni.

Kódà pápá ìṣeré kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1961, Ohene Djan, ọ̀gá eré ìdárayá Gánà, dá ẹgbẹ́ Real Republikans sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣa àwọn ààyò eléré láti inú àwọn ẹgbẹ́ ìyókù kí ó lè jẹ́ àwòkọ́ṣe fún orílẹ̀-èdè tuntun. Baba Yara, ọmọ Kùmásì, akọni Kotoko, wà lára wọn. Ní ọdún 1963, ọkọ̀ tí ó gbé wọn ní ìjàǹbá, ọ̀pá ẹ̀yìn Baba Yara fara pa, kò sì rìn mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1969. Orúkọ rẹ̀ ni pápá ìṣeré ńlá Kùmásì ń jẹ́ lónìí. Bàbá mi ní ọjọ́ tí ìròyìn ìjàǹbá náà dé, ẹkún kan náà ni Asafo àti ṣọ́ọ̀bù òun sun. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1966, ẹgbẹ́ Republikans náà túká ní ọdún yẹn.

Ọ̀ràn àlejò tún wá yàtọ̀. Ìhà méjèèjì ni ó ń bi àwọn Yorùbá léèrè ibi tí wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn kan kò sí tí kò ní ewu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1957, ìjọba lé Amadu Baba, Sarkin Zongo Kùmásì, àti Alhaji Othman Larden lọ sí Kánò nítorí òṣèlú, bí wọ́n tilẹ̀ ní ọmọ Kùmásì ni àwọn. Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti kọ́ bí a ti í fi ẹ̀rín dáhùn ìbéèrè.

Ẹ̀rín náà kò gbà á sílẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia, ẹni tí ó ti ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ NLM ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n fi Gánà sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Mo rí bàbá mi tí ó ń di ẹrù, tí ó sì ń wo ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí kò ṣeé gbé. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fọkàn tẹ̀ kò yọjú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni alágbàtà kòkó dé. Kò pẹ́ tí akọ̀wé ìjọba náà fi dé. Yàtọ̀ sí ìkíni, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Akọ̀wé bá wa gbé ẹrù dé ibùdókọ̀. Alágbàtà kòkó gba àwọn ẹ̀rọ náà pamọ́, ó tà wọ́n, ó sì fi owó wọn rán awakọ̀ sí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní àkókò Àjíǹde ọdún tí ó tẹ̀lé e. Èrò wọn lórí kòkó kò tí ì ṣọ̀kan títí di ọjọ́ náà. Ìjókòó ọdún mẹ́jọ ni ó ṣe iṣẹ́ tí ìṣọ̀kan èrò kò ṣe.

Àwa náà kò gbọdọ̀ rò pé Gánà nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ojú wọn tó ọ̀ràn ọdún 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn mọ bí ọlọ́pẹ àti Dẹ́mọ̀ ti dáná sun ilé ara wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, nígbà tí wọ́n kéde èsì ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ìlú sì gbiná, olùkọ́ ọ̀dọ́ ni mí ní ilé ìwé kan ní ìpínlẹ̀ náà. Ọpọ́n ayò kan wà ní yàrá àwa olùkọ́, àwọn UPN àti NPN sì jọ ń ta á. Àgbà inú wa kò fi òfin de òṣèlú. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè: ẹni tí o bá ń bá jiyàn, òun ni ìwọ yóò bá ta ayò tí ó kàn. A jiyàn títí ohùn fi há, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbé àpótí rẹ̀ kúrò.

Ẹnì kan lè sọ pé mo ti gbé eré ga jù, pé eré náà a máa pa ènìyàn. Òtítọ́ ni. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2001, nígbà tí Kotoko lọ bá Hearts of Oak ṣeré ní Àkrá, inú bí àwọn kan nítorí àyò tí Hearts fi ń ṣáájú, wọ́n ń ya àga jù sí pápá, ọlọ́pàá yin tajútajú, ènìyàn 126 sì kú nínú ìrọ́kẹ̀kẹ̀. N kò sọ pé eré mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọwọ́ àwa tí a wà nínú rẹ̀ ni ìmọ́tótó rẹ̀ wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, tí ẹ ń dá ẹgbẹ́ orin, ẹgbẹ́ eré ìtàgé àti ẹgbẹ́ ayò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, ẹ má ṣe kọ́ wọn pé òṣèlú jẹ́ ohun èèwọ̀ tí a kì í dárúkọ. Bí a bá kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ìgboro ni yóò kọ́ wọn ní ìyókù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, kí ẹni tí ebi ń pa lè wí pé ebi ń pa òun. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò borí lónìí yóò bá ìjókòó rẹ̀ níbi tí ó wà bí ó bá dé lọ́la. Ẹgbẹ́ tí ó bá lè ṣe ìyẹn ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba kò tí ì mọ̀.