Láti Peckham dé Harley Street: Kẹ́ ẹ tó gbé ojú yín fún iná léésà, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 12 ná

Ẹni tó bá mọ Peckham nílùú Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé Èkó kékeré ni wọ́n ń pe ibẹ̀, irọ́ sì kọ́. Bẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Rye Lane láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, iṣu, èlùbọ́, panla àti ẹ̀fọ́ ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀, Yorùbá lẹ ó sì máa gbọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀rọ̀ owó ilé àti ìwé ìgbélùú kọ́ nìkan ló máa ń wà lẹ́nu àwọn èèyàn wa níbẹ̀ o, ọ̀rọ̀ ojú náà ń bẹ ńbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí èémí máa ń bo awò ojú ẹ̀ nígbà tó bá fi ìbòmú bo ẹnu, sikiọ́rítì tí òjò Lọ́ńdọ̀nù kì í jẹ́ kó rí iwájú, ọmọge tí ò fẹ́ kí gíláàsì ba gèlè òun jẹ́ lọ́jọ́ òde, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi ara wọn: ṣé kí n lọ fi léésà ṣe ojú yìí, kí n ju awò nù?

Àfi bíi pé nítorí ìbéèrè yìí ni wọ́n ṣe la ọ̀nà bọ́ọ̀sì kan gba Peckham. Bọ́ọ̀sì 12 ni, pupa fòò, alájà méjì. Á gba Camberwell, á gba Walworth Road, á yí po ní Elephant and Castle, á wá gun afárá Westminster kọjá odò Thames, ẹ̀gbẹ́ Oxford Circus ló ń parí sí. Etí afárá yẹn ni ọsibítù tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi léésà tún ìríran ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà. Ibi tó sì ń parí sí, bẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀ síwájú, ẹ ti dé àdúgbò tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ náà bí ẹni ń ta aṣọ olówó ńlá.

Ọsibítù St Thomas' lorúkọ ti etí afárá. Kí bọ́ọ̀sì tó gun orí omi, ọwọ́ òsì yín ló wà. Òun ni ọsibítù tí Florence Nightingale dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ sí lọ́dún 1860, ọdún 1871 ni wọ́n sì gbé e wá síbi tó wà yìí. Nínú ọgbà rẹ̀ ni ère Mary Seacole wà láti ọdún 2016, obìnrin Jàmáíkà tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun nígbà ogun Crimea. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère yìí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ń wò lódìkejì odò, pẹ̀lú aago gàgàrà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Big Ben. Ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán tó bá bọ́ awò ojú ẹ̀ níbẹ̀, á rí ilé, á rí ilé ìṣọ́ tí aago wà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n aago mélòó ló lù? Ìyẹn dọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ọdún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ léésà yìí ní St Thomas'. Àmọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìtàn iná náà ti ṣẹ̀, ìtàn ọ̀hún sì dùn. Lóṣù kọkànlá ọdún 1981, ní ilé ìwádìí ilé iṣẹ́ IBM tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, ní Yorktown Heights, ìpínlẹ̀ New York, onímọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Íńdíà, Rangaswamy Srinivasan, gbé àjẹkù tòlótòló ọdún Ìdúpẹ́ láti ilé wá síbi iṣẹ́. Ó tan iná léésà tí wọ́n ń pè ní excimer sí i. Iná náà gé e mọ́lẹ́mọ́lẹ́, kò sì jó ẹ̀gbẹ́ ibi tó gé. Lọ́dún 1983, òun àti dókítà ojú kan, Stephen Trokel, gbé iná yìí lọ sórí ẹyinjú màlúù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹran àjẹkù ṣe di iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ti sanwó fún káàkiri ayé.

Kí ni iná náà ń ṣe gan-an? Awọ kan wà níwájú ẹyinjú, ó mọ́ gaara bíi dígí, cornea ni àwọn dókítà ń pè é. Kò nípọn ju bíi ìdajì mìlímítà lọ. Bí ìrísí rẹ̀ kò bá bá gígùn ẹyinjú mu, àwòrán ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò ò ní bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí lẹ́yìn ojú, ohun tí awò sì ń tún ṣe nìyẹn. Léésà ò fi nǹkan kan kún ojú o, ṣe ló ń fá lára awọ náà kúrò títí tí ìrísí rẹ̀ á fi yí padà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní St Thomas', orí awọ náà ni wọ́n ti ń fá a, PRK lorúkọ rẹ̀. Nínú LASIK tó dé lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á kọ́kọ́ gé ojú awọ náà ṣí bí ẹni ṣí ìdérí, wọ́n á fá abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dá ìdérí náà padà. Èyí tó bá wù kí wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n bá ti fá kúrò ti lọ nìyẹn, kò sí dókítà tó lè dá a padà. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó máa dún létí èèyàn kó tó fọwọ́ síwèé.

Ohun tí St Thomas' ṣe tó wúlò jù fún ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe pé wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, bí kò ṣe pé wọn ò gbàgbé àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Èèyàn 120 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà. Lẹ́yìn ọdún 12, wọ́n pè wọ́n padà, èèyàn 68 sì jẹ́ ìpè. Lẹ́yìn 20 ọdún, wọ́n tún pè wọ́n, 42 ló yọjú. Ẹ wo bí ìyẹn ti ṣọ̀wọ́n tó! Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ojú ni kò ní mọ ibi tí oníbàárà ọdún márùn-ún sẹ́yìn wọlẹ̀ sí.

Kí wá ni wọ́n rí? Ní ọdún kejìlá, ibi tí ìríran wọn dúró sí lópin ọdún àkọ́kọ́ náà ló ṣì wà, kùrukùru tí àwọn kan kọ́kọ́ ní lójú sì ti ń ṣá lọ. Nígbà tó fi máa di ogún ọdún, ojú àwọn kan ti padà sẹ́yìn díẹ̀, pàápàá àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò tíì tó 40 nígbà tí wọ́n ṣe é, àti àwọn obìnrin. Díẹ̀ náà ni o, kì í ṣe pé ó padà síbi tó ti wá. Àbùkù tó ṣe kókó jù lọ, òru ló máa ń fara hàn. Ibi tí ẹ̀rọ ìgbà yẹn ń fá kéré, tàwọn kan ò ju mìlímítà 4 lọ. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ihò inú ẹyinjú máa ń fẹ̀ kó lè gba ìmọ́lẹ̀, ó ń fẹ̀ ju ibi tí wọ́n fá lọ, iná wá ń ní òrùka lójú èèyàn bí òṣùpá tó gbàgbọ̀n. Àwọn kan ṣì ń rí òrùka yìí ní ọdún kejìlá.

Àwọn ẹ̀rọ tòní ń fá ibi tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ, ọ̀rọ̀ òru ti dín kù, àmọ́ kò tíì tán. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, ṣèwádìí nípa LASIK, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2017. Ó lé ní 95 nínú 100 tí inú wọn dùn sí ojú tuntun wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí iná kì í ní òrùka lójú wọn, tí wọn kì í rí nǹkan ní méjìméjì tẹ́lẹ̀, ó ju 40 nínú 100 lọ tó ní ó kéré tán ọ̀kan nínú irú àìsedéédéé bẹ́ẹ̀ lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Nínú àwọn tí ojú wọn kì í gbẹ tẹ́lẹ̀, ó tó 30 nínú 100 tí ojú wọn ń gbẹ. Àwọn tí èyí da iṣẹ́ òòjọ́ wọn rú gidi ò tó ẹyọ kan nínú 100. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún akọ̀wé ọ́fíìsì. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì lóru ní Walworth Road nínú òjò, tí iná mọ́tò ń tàn yòò níwájú, ó yẹ kó ro tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bẹ́ ẹ bá kọjá afárá, bọ́ọ̀sì á gba Whitehall, á gba Trafalgar Square àti Piccadilly, á já sí Regent Street. Ẹ sọ̀ ní Oxford Circus, ẹ rìn dé Cavendish Square, ẹ ó rí Harley Street níwájú. Ilé olókùúta ọlọ́jọ́ pípẹ́, ilẹ̀kùn dúdú tó ń dán, idẹ kékeré lára ògiri tí wọ́n kọ orúkọ dókítà sí. Láti nǹkan bíi 1860 síwájú ni àwọn dókítà ti ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ ariwo Rye Lane níbí, àga tìmùtìmù àti omi tútù ni wọn ó fi gbà yín. Iṣẹ́ yìí kì í sábà sí lára ohun tí NHS ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí awò lè ṣe é. Àpò ara ẹni ni, ó sì lè wọ ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn fún ojú kan, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bẹ́ ẹ bá rí ìpolówó tó fi "bẹ̀rẹ̀ láti" ṣíwájú iye owó, ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀ lọ́jà Balógun.

Òfin kan wà tó wúlò fún yín. Lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ àgbà àwọn dókítà ojú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal College of Ophthalmologists, là á kalẹ̀ pé dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ jókòó bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ ìtajà, kí ó sì tó ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán láàárín ìjókòó náà àti ọjọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san án lónìí torí ẹ̀dínwó ń parí lọ́la, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ sì jáde.

Bẹ́ ẹ bá wà ní ogójì ọdún sókè, ẹ bi í ní ti ìwé kíkà. Léésà tó ń jẹ́ kéèyàn rí ọ̀ọ́kán kì í dí ọjọ́ ogbó lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ló ná owó gọbọi tán tí wọ́n tún ń wá awò ìkàwé kiri. Tàwọn tí àpá wọn máa ń wú lára ńkọ́? Nígbà kan, ìkìlọ̀ wà fún wọn. Àwọn dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò lójú àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà kò rí i kí àpá wú níbẹ̀.

Èyí tó kan àwa Yorùbá jù lọ wá kù, òun sì ni wọn kì í sábà fi sínú ìpolówó. Glaucoma ni, àìsàn tó ń jẹ iṣan ojú díẹ̀díẹ̀ láìro èèyàn, títí ojú á fi fọ́. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, nǹkan bíi ẹnì kan nínú 20 ló ní in láàárín àwọn tó ti tó 40 ọdún. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára omi inú ojú, orí cornea ló ń tẹ̀. Bí léésà bá ti fá a fẹ́lẹ́, iye tí ẹ̀rọ máa kà á wálẹ̀, ojú tó wà nínú ewu á wá dà bí ojú tó dá ṣáká. Torí náà, kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ pe ilé. Ẹ bi ìyá, ẹ bi bàbá, ẹ bi ẹ̀gbọ́n: ta ni ojú ẹ̀ fọ́ nínú ẹbí wa, kí ni dókítà sì pè é? "Ayé ló ṣe é" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni tó ti tó 40 ọdún, tí òbí, ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ sì ní in, ọ̀fẹ́ ni NHS ń yẹ ojú ẹ̀ wò ní England.

Ẹni tó bá sì pinnu láti ṣe é, kó gba ìwé ìwọ̀n ojú ẹ̀, bó ṣe rí kí wọ́n tó fá a àti lẹ́yìn rẹ̀, kó sì fi sí ibi tó ń fi páṣípọ́ọ̀tù sí. Lọ́jọ́ kan, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí n'Ìbàdàn, dókítà tó fẹ́ yọ cataract fún un, èyí tó ń bo ojú àgbàlagbà funfun, á fẹ́ mọ ìwọ̀n àtijọ́ yẹn kó lè ṣírò dígí tó máa fi sínú ojú náà.