Ọ̀gágun Tó Fi Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Lọ

Bárékè Arakan ní Àpápá ti mọ́ àwa ará Ajégúnlẹ̀ lẹ́nu débi pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa kò bèèrè rí ibi tí orúkọ náà ti wá. Ilẹ̀ Burma ni Arakan wà, létí òkun. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ti bá Japan jà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1944 àti 1945. Dífísọ̀n méjì ni wọ́n kó lọ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 81 àti 82. Igbó àti ẹrọ̀fọ̀ ibẹ̀ kò gba mọ́tò, orí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ru ohun ìjà àti oúnjẹ. Isaac Fadoyebo, ọmọ agbègbè Ọ̀wọ̀, fara gbọta ní àfonífojì Kaladan, àwọn ará abúlé kan ló sì fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé bá a.

Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ìtàn àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni pé bó ti wù kí wọ́n gbójú tó, ipò ọ̀gá kì í ṣe tiwọn. Seth Anthony, ọmọ Gold Coast, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ní 1942, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan. Nígbà tí ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì kò tó, àwọn ará Poland tí ogun ti lé kúrò nílé ni wọ́n lọ yá wá láti máa pàṣẹ fún àwọn ọmọ wa. Èdè ara wọn kò yé wọn dáadáa, síbẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ìyẹn sàn ju kí wọ́n fi ìràwọ̀ sí èjìká Yorùbá tàbí Haúsá.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ọmọ Ìlobùú kan ti di ọ̀gá Dífísọ̀n 82 ní Enúgu, Arakan ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun wa kò sọ nọ́ńbà àtijọ́ yẹn nù. Dífísọ̀n tí àwọn bàbá wa fi orí ru ẹrù nínú rẹ̀, Taoreed Abíọ́dún Lágbájá ló wá ń pàṣẹ fún.

Télọ̀ kan wà nínú ọjà mámì, ọjà inú bárékè, tí mo máa ń gbé aṣọ fún. Bí mo bá ń dúró dè é, mo máa ń wò ó bó ṣe ń rán àmì oyè mọ́ aṣọ àwọn ọ̀gá. Ìràwọ̀ kan ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ ológun. Yóò di méjì, yóò di mẹ́ta. Bí ó bá gba oyè méjọ̀ (Major), ìràwọ̀ á kúrò, ẹyẹ idì á bà lé èjìká rẹ̀. Ìràwọ̀ á wá tún máa padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ idì yẹn títí dé bìrìgédíà. Lẹ́yìn ìyẹn ni idà àti ọ̀pá àṣẹ tó dábùú ara wọn. Òwú tó ń lò kéré, ojú abẹ́rẹ́ há, ó sì máa ń tú u tún rán bí ìràwọ̀ bá yẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló wà láàrin ìràwọ̀ kan sí èkejì, ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀ kì í sì í dé ibi idà.

Lágbájá wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní Kàdúná ní 1987, lẹ́yìn tó ti kàwé ní Òṣogbo. Ìràwọ̀ kan ló gbà ní Oṣù Kẹsàn-án 1992. Ẹ jẹ́ ká rántí irú àsìkò tó jẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fagi lé ìbò June 12, tí àwọn ṣọ́jà sì yìnbọn fún àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Èkó níbí. Ọmọdé Ajégúnlẹ̀ nígbà náà, bó bá rí kakí lókèèrè, ilé ló ń sá wọ̀. Ọ̀nà tí ṣọ́jà gbà ń di olókìkí ni kó gbàjọba tàbí kí wọ́n fi í ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ tí kò gbé rí. Ọkùnrin yìí kò di gómìnà, kò di mínísítà. Ojú ogun ni àkàbà tirẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun díẹ̀ ní Bàtálíọ̀nù 93, ó jà ní Benue, ó jà ní Borno, ó wà ní Ìlà-Oòrùn, ó sì di ọ̀gá Dífísọ̀n 1 ní Kàdúná lẹ́yìn ti Enúgu. Ó tún lọ kàwé gboyè nílé-ẹ̀kọ́ ogun àwọn ará Amẹ́ríkà. Nígbà tí Ààrẹ Tinúbú fi í ṣe ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní 19 Oṣù Kẹfà 2023, ó ku oṣù mẹ́ta kó pé ọdún 31 tó ti gba ìràwọ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀gágun tó ṣáájú rẹ̀ wọṣẹ́ ló fẹ̀yìn tì, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí oyè ni mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn olóyè pọ̀.

Ní alẹ́ 3 Oṣù Kejìlá 2023, àwọn ará Tudun Biri, abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi ní Kàdúná, ń ṣe Máólúdì. Dúróònù àwọn ọmọ ogun ju àdó olóró sí àárín wọn. Àwọn tó yè sọ pé ìgbà tí wọ́n sáré wá gbé àwọn tó fara pa ni òmíràn tún já lulẹ̀. Òkú 85 ni NEMA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, sọ pé wọ́n sin, obìnrin àti ọmọdé wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ti ṣì wọ́n mú fún agbébọn. Ní 5 Oṣù Kejìlá, Lágbájá fúnra rẹ̀ dé abúlé náà, ó dúró níwájú àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n.

Àforíjì kò jí òkú. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré mi ni mo ti ń rí ohun tí kakí ń ṣe fún aráàlú, ẹnu agbẹnusọ ni a sì ti ń gbọ́ ọ: ìwádìí ń lọ, ará ìlú ló rú òfin, kò sí ẹni tó kú. Ọ̀gá tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó lè rán, tó wá lọ fúnra rẹ̀ síbi tí ojú ti lè tì í, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Kàdúná tó ti ṣe ọ̀gá Dífísọ̀n ló lọ, ilẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lójú. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni ipò náà yẹ ẹ́ jù.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà kò ti rọrùn fún mi. Ní 14 Oṣù Kẹta 2024, wọ́n pa ọmọ ogun 17 ní Okuama ní Delta, ọ̀gá Bàtálíọ̀nù 181 wà lára wọn. Ìjà ilẹ̀ láàrin Okuama tí í ṣe ti Úróbò àti Okoloba tí í ṣe ti Ìjọ (Ijaw) ni wọ́n ní wọ́n lọ parí. Lẹ́yìn náà ni ilé jóná ní Okuama, tí àwọn ará abúlé sá wọgbó. Ní Ajégúnlẹ̀, Úróbò àti Ìjọ ń gbé ilé kan náà, wọ́n ń pọn omi níbì kan náà. Ìyá Úróbò kan tó ń ta sítáàṣì nítòsí wa bi mí pé, “Bàbá, ọmọ ọwọ́ tó wà nínú ilé náà, kí ló mọ̀ nípa ìbọn?” N kò ní èsì. Mo mọ̀ pé ọ̀gá tó sin ọmọ ogun 17 lọ́jọ́ kan ní Abuja ní ìbànújẹ́ tirẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wá àwọn apànìyàn rí. Àmọ́ irú ọ̀rọ̀ tí Tudun Biri gbọ́, ìbá wù mí kí àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ní Okuama náà gbọ́ ọ. Ìfẹ́ tí mo ní sí ọkùnrin yìí kò gba èyí kúrò lọ́kàn mi, mi ò sì rò pé ó yẹ kó gbà á.

Ẹni ọdún 56 ni Lágbájá nígbà tí àìsàn mú un lọ ní Èkó, ní 5 Oṣù Kọkànlá 2024. Kò tíì lo ọdún kan àbọ̀ nípò ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀. Wọ́n sin ín ní Abuja lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, Ààrẹ sì fi oyè CFR dá a lọ́lá. Olúfẹ́mi Olúyẹ̀dé, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ ogun nínú ọ̀wọ́ kan náà, ló gba ipò rẹ̀, ní Oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n sì tún gbé òun náà ga, tó di olórí fún gbogbo ọmọ ogun Nàìjíríà, ti ilẹ̀, ti omi àti ti òfurufú. Okuama wà lára ohun tó bá nílẹ̀.