Bàbá, Ẹ̀ẹ̀melòó Lẹ Ń Dìde Tọ̀ Lóru?

Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo gbé wá lónìí. Bí ojú bá ń ti ẹnikẹ́ni, kí ó wọ yàrá lọ kà á, àmọ́ kí ó ṣáà kà á tán.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn bàbá tí mo ti bá fi rọ́bà fa ìtọ̀ kò lóǹkà. Síbẹ̀, bàbá tó bí mi lọ́mọ, n kò bi wọ́n léèrè rí bóyá wọ́n ń tọ̀ dáadáa. Bí mo bá lọ kí wọn, tí mo sùn síbẹ̀, mo máa ń gbọ́ ìró sálúbàtà wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Wọ́n á wọ ilé ìtọ̀, wọ́n á pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tó sùn lọ. Mo sọ fún ara mi pé àgbà ló dé. Àgbo ni àwọn náà ń mu ní tiwọn. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, jẹ̀díjẹ̀dí la pè é.

Lóru ọjọ́ kan ní ọdún 2011, ìtọ̀ sé mọ́ wọn nínú pátápátá. Ìsàlẹ̀ ikùn wọn le bí awọ ìlù. Kí a tó gbé wọn dé ọsibítù, bàbá tí n kò rí kí ó sunkún rí ń sunkún. Àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ prostate ni, ó sì ti wọnú eegun ẹ̀yìn. Ìtọ́jú tí wọ́n gbà fún wọn ní ọdún mẹ́ta sí i. Mo bi wọ́n léèrè lórí bẹ́ẹ̀dì pé, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?” Wọ́n ní, “Ọmọ mi obìnrin ni ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa sọ̀rọ̀ okó mi fún ọ?” N kò rí èsì fọ̀. Àwọn ń tijú, èmi náà ń tijú, àìsàn nìkan ni kò tijú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à bá ti ṣe. Prostate jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ọkùnrin nìkan ló ní in. Nígbà èwe, kò ju àwùsá lọ. Àárín rẹ̀ ni ọ̀nà ìtọ̀ gbà kọjá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ó bá ti ń wú, á máa fún ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀. Ìtọ̀ kò ní tètè bẹ̀rẹ̀, kò ní lágbára mọ́, á máa kán tótótó lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ṣe tán. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo prostate tó bá wú ni jẹjẹrẹ. Wíwú ọjọ́ ogbó lásán ló pọ̀ jù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti le ni pé jẹjẹrẹ rẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì mú àmì kankan wá. Ojú lásán kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìyá alágbo náà kò sì lè yà wọ́n.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Wọ́n á kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò PSA. Bí iye rẹ̀ bá lọ sókè, ẹ má tíì sunkún, torí wíwú lásán, kòkòrò àìsàn nínú ìtọ̀, rọ́bà ìtọ̀, àní bíbá ìyàwó ẹni sùn láàárín ọjọ́ méjì sí àyẹ̀wò náà, lè gbé e sókè. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni àwọn bàbá ń sá fún. Dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi ìka kan wo ihò ìdí, torí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ ti lè kan prostate. Èyí tó dára máa ń dán. Èyí tó ní kókó tó le bí òkúta ni wọ́n ń wá. Kì í tó ìṣẹ́jú kan. Síkáànù tún wà, tó ń fi bí ó ṣe tóbi tó hàn. Bí ara bá ṣì ń fu wọ́n, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú ẹran bíńtín níbẹ̀, wọ́n á lọ wò ó ní yàrá àyẹ̀wò. Èyí gan-an ló ń sọ pé jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun.

Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó bá ti pé ẹni ọdún 45, kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò yìí. Ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ní in, kí ó tètè lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì jáde nínú ìtọ̀, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ì báà má dùn yín, ẹ lọ sí ọsibítù. Ó lè jẹ́ àpò ìtọ̀ tàbí kíndìnrín ló ń ké.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ ò gbẹ́yìn o. Bí ẹ bá ń wẹ ọmọkùnrin, ẹ wò ó dáadáa. Bí ojú ibi tó ń gbà tọ̀ bá wà nísàlẹ̀, tí kò sí lórí gan-an, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ nílà, ìyá ọkọ yín ì báà máa bínú. Awọ yẹn ni dókítà máa fi tún un ṣe. Bí kórópọ̀n kan kò bá tíì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, ẹ gbé e lọ, torí ó lè di àìrọ́mọbí tàbí jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Bí ẹpọ̀n bá wú, nọ́ọ̀sì lè tan tọ́ọ̀ṣì sí i lára nínú òkùnkùn. Bí omi bá ni, ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá. Ẹ má fi èyí dánra wò nílé kí ẹ wá jókòó, torí ìfun ọmọ ìkókó náà lè gba ìmọ́lẹ̀. Bí ẹpọ̀n ọmọ yín bá sì ṣàdédé ń ro ó gan-an, ẹ má dúró di òwúrọ̀. Ó lè jẹ́ pé kórópọ̀n ló lọ́, bí ó bá sì ju wákàtí mẹ́fà lọ, ó lè kú. Ẹ sọ fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà pé kókó líle lára kórópọ̀n, tí kò tilẹ̀ dùn wọ́n, kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́.

Lẹ́yìn ikú bàbá wa, ọdún méjì ni mo fi ń bẹ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ikú kó wọn láyà jẹ. Ìgbà tí wọ́n lọ, PSA wọn ga. A ò sùn dáadáa títí èsì ẹran tí wọ́n mú fi dé. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wíwú lásán ni, oògùn ni wọ́n ń lò, oorun wọn sì ti padà. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ní, “Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀kan ni mo dìde lánàá.” Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún.

Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Lálẹ́ òní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó ti bàbá yín, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí èmi kò bi bàbá mi. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.