Ohun Tí Ọmọ Girama Ń Kọ́ Nídìí Kọ̀ǹpútà ní Skọ́tíláǹdì

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ tó o ti ṣe tíṣà ní Glasgow, jọ̀ọ́, là mí lọ́yẹ̀. Orúkọ ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ni ọmọ wa ń há sórí ní girama níbí. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́hùn-ún?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ń kọ́ ìyẹn náà, ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ wọn kì í pẹ́ níbẹ̀. Ọdún kẹrin girama ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní National 5. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé, bí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń to àkọsílẹ̀ tí a sì ń fi SQL wá a rí, àti bí a ṣe ń fi HTML àti CSS ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Dídán ètò wò ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ̀GBỌ́N: Bó bá ti ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n tún ń dán wò?

ÀBÚRÒ: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ká ní ọmọ kọ ètò tó ń gba máàkì, láti 0 dé 100. Á kọ́kọ́ tẹ 57, iye tí ẹnikẹ́ni lè gbà. Á wá tẹ 0 àti 100, nítorí etí ààlà ni àṣìṣe máa ń sá pa mọ́ sí. Ẹni tó kọ “kéré sí 100” dípò “kò ju 100 lọ” ti fi máàkì du ọmọ tó gba gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà á tẹ 101, kó lè rí i bóyá ètò máa kọ̀ ọ́. Kó tó tẹ èyíkéyìí, ó gbọ́dọ̀ ti kọ èsì tó ń retí sílẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Nǹkan kan ń dà mí láàmú ní ilé ìtẹ̀wé. Mo tẹ ẹ, mo tẹ ọ, ó gún régé. Bí mo bá gbé iṣẹ́ náà lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, àpótí òfìfo ni mò ń rí.

ÀBÚRÒ: Nọ́ńbà ni gbogbo lẹ́tà nínú kọ̀ǹpútà, 0 àti 1 ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. A ńlá jẹ́ 65, ìyẹn 64 àti 1: 01000001. ASCII, ìlànà nọ́ńbà fún lẹ́tà tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, àyè 128 péré ló ní, kò sí lẹ́tà wa níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá dé Higher, ìpele tó tẹ̀ lé National 5, wọ́n á kọ́ Unicode, ìlànà tó gbòòrò ju ASCII lọ. Níbẹ̀, ẹ jẹ́ 7865, ọ sì jẹ́ 7885. Bí ẹ bá fi àmì ohùn lé e lórí, nọ́ńbà méjì ló dà. Ẹ̀rọ tí fọ́ǹtì rẹ̀ kò ní àwòrán fún nọ́ńbà yẹn ló ń gbé àpótí fún yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọmọ Yorùbá! Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló ní kọ̀ǹpútà nílé?

ÀBÚRÒ: Orí ìwé ni èyí tó pọ̀ jù nínú máàkì National 5 wà. Èdè ìkọ ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Haggis, torí ìdánwò ni wọ́n ṣe é, kó má baà ṣe ojúsàájú sí èdè tí tíṣà kan fi kọ́ni. Bírò ni ọmọ fi ń tọ ètò náà ní ìlà dé ìlà, títí á fi mọ iye tó máa jáde.

Ẹ̀GBỌ́N: A jẹ́ pé a lè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

ÀBÚRÒ: A lè bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe wà tí kò ṣeé ṣe láìsí ẹ̀rọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Kọ̀ǹpútà méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù tí a kì í lò lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ mélòó ló lè jókòó sídìí ọ̀kan?

ÀBÚRÒ: Méjì-méjì. Ọ̀kan á máa tẹ̀ ẹ́, èkejì á máa fi èsì wé ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀.