ADÁGÚN ORÍ AṢỌ N'ÍKÒTÚN: TA NI YÓÒ YA OMI ALÍMỌ̀ṢỌ́ NÍ FỌ́TÒ?

Bí èèyàn bá sọ̀ nínú dánfó n'Íkòtún, tó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn alátà kọjá, tó bọ́ kúrò láàárín àwọn tó ń pariwo "Ìgàndó! Ìgàndó wọlé!", kò ní rìn jìnnà kó tó kan ṣọ́ọ̀bù oní-fọ́tò. Nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tó bá ti pẹ́ díẹ̀, kò ṣòro láti bá adágún omi kan pàdé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Adágún ni: ó tẹ́ rẹrẹ, igi àgbọn yí i ká, afárá funfun dábùú rẹ̀, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn méjì sì léfòó sórí omi. Orí aṣọ ni wọ́n kùn ún sí, wọ́n fi ìṣó kan aṣọ mọ́ ògiri. Níwájú rẹ̀ ni ọmọ ọlọ́dún kan ti ń sunkún, níwájú rẹ̀ ni ìyàwó tuntun ti ń fọwọ́ lé ìbàdí, níbẹ̀ náà ni ìyá aláṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè ọjà ti ń jókòó, tí yóò tún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ṣe kí gbogbo rẹ̀ lè hàn.

Nígbà tí fọ́tò ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, àwọn tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù ni oní-fọ́tò ń gbé iṣẹ́ fún pé kí wọ́n bá òun kun aṣọ ẹ̀yìn. Lóde òní, ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí flex, omi rẹ̀ sì ń dán ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n omi náà ni oníbàárà ṣì ń fẹ́. Ta ni yóò bá wọn wí? Ẹni tó jí lóru lọ gbé tòmátì ní Mile 12, tí oòrùn ọjà pa títí ilẹ̀ fi ṣú, bó bá máa ya fọ́tò kan ṣoṣo lọ́dún, ibi tó tutù ni yóò wù ú kí wọ́n bá òun nínú rẹ̀.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi omi sọ lórúkọ ni Ìkòtún wà. Lagos tí àwọn òyìnbó Potogí pe Èkó, adágún omi ló jẹ́ lédè wọn, kì í sì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ ni. Ọ̀sà ńlá sì wà lóòótọ́, ó wà lọ́hùn-ún níhà Ìkòyí, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Alímọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀, ó fi èrò kún inú rẹ̀ bámúbámú. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní ènìyàn 1,277,714 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní 2,047,026 ni àwọn kà. Èyí tó bá wu kálukú ni kó gbà. Nínú gbogbo èrò yìí, ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ wo omi tó tẹ́jú lọ́jọ́ ìsinmi, tí kì í ṣe omi àgbàrá, tí kì í sì í ṣe ti òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ ni yóò wọ̀ kúrò ládùúgbò.

OMI KÚKÚ WÀ

Kí ẹnikẹ́ni má wá tìtorí èyí sọ pé Alímọ̀ṣọ́ kò lómi. Orúkọ Ìṣẹrí-Ọ̀ṣun nìkan tó èsì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí Ọ̀ṣun kì í gbé ibi gbígbẹ. Bí èèyàn bá ti ń ti Ìgàndó sọ̀ lọ sí Ìṣẹrí-Ọ̀ṣun títí kan ìhà Ìjẹ́gùn, yóò rí i pé ilẹ̀ ń rọ̀ sí i. Àbàtà ni. Koríko ibẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, omi sì ń rọra wọ́ gba abẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun.

Àbàtà yìí kì í ṣe ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá nù. Kànìnkànìn ni. Bí òjò bá rọ̀ tó pọ̀, òun ló ń fa omi mu, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹja kéékèèké ń pamọ síbẹ̀, ẹyẹ ń yé sínú koríko rẹ̀. Àmọ́ ojú onílẹ̀ kò rí kànìnkànìn, póòtù ilẹ̀ ló rí. Tírélà iyanrìn dé, ó dà á sílẹ̀. Ẹlòmíràn tí kò lówó iyanrìn ra pàǹtírí, ó fi dí i. Lẹ́yìn ọdún méjì ilé ti dúró. Omi tí wọ́n dí lọ́nà kò sì ní torí bẹ́ẹ̀ padà sọ́run, yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà, ọ̀nà náà sì lè jẹ́ pálọ̀ ẹni tó ti kọ́lé tirẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ogún ọdún.

Bí omi Alímọ̀ṣọ́ ṣe wá ń dé inú ìwé ìròyìn nìyẹn. Fọ́tò ẹni tó gbé mátírẹ́ẹ̀sì sórí, fọ́tò ọkọ̀ tí omi mu dé fèrèsé, fọ́tò àwọn ọmọ tó ká ṣòkòtò sókè lọ sí iléèwé. Ní Ìgàndó, fọ́tò tí àwọn àlejò ń wá yà jù ni ti òkè pàǹtírí Solous tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà LASU. Ẹni tó bá ń fi fọ́tò mọ ìlú yóò rò pé àgbàrá àti ààtàn nìkan ló wà níbẹ̀.

LÓRÍ ÒKÈ ADÓ-ÀWÁYÉ

Ẹni tó bá fẹ́ rí adágún tí àwọn ènìyàn ń torí rẹ̀ gbé kámẹ́rà jáde nílé, kó dìde láti Ìyànà-Ìpájà, kó wọ ọkọ̀ Abẹ́òkúta, kó la Sángo Ọ̀tà kọjá. Láti Abẹ́òkúta kó forí lé ìhà Ìsẹ́yìn, ìlú àwọn tó ń hun aṣọ òkè. Kó tó dé Ìsẹ́yìn gan-an ni yóò kan Adó-Àwáyé lábẹ́ òkè. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe sára òkè náà lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ẹni tó bá jẹ àmàlà yó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, ọ̀rọ̀ di ti òun àti orúnkún rẹ̀.

Lókè lọ́hùn-ún, láàárín àpáta, ni omi tí wọ́n ń pè ní Iyake wà. Kì í ṣe omi tó fẹ̀ bí ọ̀sà, ṣùgbọ́n ìyanu ni fún ẹni tó ti làágùn dé ibẹ̀ láti rí omi tó dúró jẹ́ẹ́ sórí òkúta, tí ojú ọ̀run ń wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará ìlú gbà pé kò nísàlẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń lọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá gùn ún kò ní sọ̀ kalẹ̀ láìya fọ́tò, fọ́tò yẹn ló sì ń lọ polówó rẹ̀ lórí fóònù fún àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Adó-Àwáyé rí.

Àwọn tó ń mú àlejò gùn ún a máa sọ pé méjì péré ni irú adágún bẹ́ẹ̀ láyé, pé ìkejì wà ní Colorado l'Ámẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Hanging Lake. Bó jẹ́ méjì ni o, bó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni o, ìtàn ti Colorado yẹn yẹ kó dé etí àwọn tó fẹ́ràn fọ́tò. Èrò ya bo ibẹ̀ débi pé láti ọdún 2019 ni wọ́n ti fi òǹkà sí i: ènìyàn 615 péré lóòjọ́, kálukú yóò sì ti sanwó kó tó gun òkè. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ti ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ bọ omi náà, nítorí òróró tó wà lára ènìyàn ń ba òkúta tó gbé adágún ró jẹ́. Fọ́tò lè fa èrò wá fún omi, èrò sì lè pa omi.

BÍ WỌ́N ṢE Ń DÍJE

Ìdíje fọ́tò kì í ṣe àjèjì. Láti ọdún 2010 ni àjọ̀dún LagosPhoto ti ń wáyé l'Ékòó, tí wọ́n ń gbé fọ́tò ńláńlá jáde sí gbangba kí ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ lè rí i. Ìdíje tún wà tí wọ́n ń pè ní Wiki Loves Africa, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014. Lọ́dún 2017, ohun tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn yà ni àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Tẹ́lọ̀, wẹ́dà, onídìrí, gbogbo wọn ló bá a mu.

Èyí tó kan omi gan-an ni ti àdéhùn Ramsar. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1971, ní ìlú Ramsar ní Iran, àwọn orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò máa tọ́jú àbàtà, adágún àti ọ̀sà. Nàìjíríà náà wọ inú rẹ̀ nígbà tó yá. Láti ọdún 2015, fún ọdún mélòó kan, àwọn tó ń rí sí ìwé yìí pe àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ayé pé kí wọ́n lọ ya àbàtà tó wà nítòsí wọn. Ẹni tó bá gbégbá orókè, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni ẹ̀bùn rẹ̀, láti lọ wo omi ńlá ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ gbọ́ èyí o: omi mọ́kànlá ni Nàìjíríà ti fi orúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn náà, kò sì sí ẹyọ kan tó wà nílẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe pé ilẹ̀ Yorùbá kò lómi.

Kí ló dé tí Alímọ̀ṣọ́ kò lè ṣe tirẹ̀? Ẹgbẹ́ oní-fọ́tò wà, ẹgbẹ́ àwọn onílé wà, Ìyálọ́jà wà. Kò gba mílíọ̀nù. Ohun tó gbà ni kí wọ́n fi fọ́tò náà kọ́ sí inú ọjà Ìkòtún níbi tí ẹni tó ń ra ẹja yóò ti rí i, kí wọ́n má gbé e lọ sínú gbọ̀ngàn tí àwọn olóṣèlú nìkan yóò ti pàtẹ́wọ́. Kí àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù díje lọ́tọ̀, kí àwọn tó ń fi fóònù yà náà díje lọ́tọ̀, kí ọ̀gá má baà fi ẹ̀rọ olówó ńlá na ọmọọṣẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ ya ojúbọ tàbí alápẹja, kó kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Àwọn kan yóò ní kí ni wọ́n fẹ́ yà nínú àbàtà. J. D. 'Okhai Ojeikere, ẹni tó kú lọ́dún 2014, fún wọn ní ìdáhùn láti ọjọ́ pípẹ́. Láti ọdún 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin, onílé gogoro àti àwọn yòókù, ó sì yà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ojoojúmọ́ ni àwọn onídìrí ń dirun lójú gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó kà á sí iṣẹ́ ọnà. Ìgbà tí òyìnbó gbé fọ́tò wọ̀nyẹn kọ́ sára ògiri lókè òkun ni ọ̀pọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá wo orí ìyá tirẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwọn oníṣẹ́ o. Kí ẹni tó fẹ́ díje ka ohun tó fẹ́ fọwọ́ sí dáadáa. Lójú òfin Nàìjíríà, ẹni tó ya fọ́tò ló kọ́kọ́ ni ín, àfi bó bá kọ̀wé gbé e fún ẹlòmíràn. Ìdíje mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti fi fọ́tò sílẹ̀, gbogbo ayé ló lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, Wiki Loves Africa wà lára wọn. Kò burú, bí oní-fọ́tò bá ti mọ̀ kó tó fi í sílẹ̀. Láti ìgbà tí fóònù ti di kámẹ́rà ni owó ti kúrò nínú fọ́tò páálí. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ti kù díẹ̀ kò yẹ kó máa fi èyí tó kù ṣòfò.

Fọ́tò tó yẹ kó gba ipò kìíní pàápàá lè má jẹ́ tuntun. Kí wọ́n jẹ́ kí fọ́tò àtijọ́ wọlé. Ó ṣeé ṣe kí fọ́tò ìsọmọlórúkọ kan láti ọdún 1978 wà nínú àpótí ìyá arúgbó kan ní Ìgàndó, tí odò kan ń ṣàn lẹ́yìn àwọn àlejò, níbi tí ilé alájà méjì wà lónìí. Kò sẹ́ni tó ń ya odò lọ́jọ́ náà, ọmọ tuntun ni wọ́n ń yà. Ṣùgbọ́n bí agbo ilé àti onílẹ̀ bá ń jiyàn pé omi kò gba ibẹ̀ rí, fọ́tò yẹn kò ní purọ́.

Àwọn oní-fọ́tò tó lo fíìmù nígbà náà ti di àgbà báyìí, àwọn mìíràn ti lọ. Fíìmù wọn ṣì wà nínú páálí bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rinrin ń mú un, ìkọ̀ọ̀kan sì ti ń lẹ̀ mọ́ra wọn.