Kí Ẹnu Àgbà Má Gbẹ

Kò sẹ́ni tó ń ronú nípa itọ́ ẹnu rẹ̀, àfi ọjọ́ tó bá di ọ̀wọ́n. Lóòjọ́, ara tó dá pé lè ṣe itọ́ tó ìdajì lítà sí lítà kan àtààbọ̀. Òun ló ń rin òkèlè kó tó gba ọ̀fun kọjá, òun ló sì ń dín agbára ásíìdì tó ń ba eyín jẹ́ kù.

Màmá mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan lára oògùn tó lè mú kí ẹnu gbẹ. Bí wọ́n bá ń jẹ èkuru, ife omi kì í jìnnà sí wọn: wọ́n á bù ú sẹ́nu, wọ́n á fi omi sìn ín. Eyín àtọwọ́dá wọn ti òkè a sì máa yọ̀ bọ́ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, torí itọ́ wà lára ohun tó ń jẹ́ kí irú eyín bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Àwọn ará ilé ní ogbó ló dé. Èmi ò gbà. Yàtọ̀ sí oògùn, àtọ̀gbẹ lè fa ẹnu gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ orí àti ọrùn.

Ìdùnnú ńlá ló jẹ́ fún mi pé àwọn oníṣègùn eyín ti wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n lè ṣe eyín àtọwọ́dá tí inú rẹ̀ ní ihò, kí wọ́n rọ itọ́ àtọwọ́dá sí i, kó máa gba ojú tín-ín-rín kán sẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń lò ó ló máa ń rọ ọ́ kún, tó sì máa ń fọ̀ ọ́ kí ojú rẹ̀ má bàa dí. Ohun èlò mìíràn tún wà tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n eyín ẹni, tó ní bátìrì. Ó ń fi iná kékeré ta iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín tó gbẹ̀yìn nísàlẹ̀, kí ẹṣẹ́ itọ́ lè ta jí. Ṣùgbọ́n ẹṣẹ́ tó bá ti kú pátápátá kò ní jẹ́ ẹ.

Kò sí èyí tó ń wo ìdí àrùn sàn nínú wọn. Ìrọ̀rùn ni wọ́n ń fúnni. Ìrọ̀rùn náà kì í ṣe kékeré fún àgbà tó fẹ́ bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun, kó sì bá wọn tàkúrọ̀sọ. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún dókítà tó kọ ọ́. Ẹ sì tètè mú àwọn òbí yín lọ rí oníṣègùn eyín, torí ẹnu tó gbẹ kì í pẹ́ ba eyín jẹ́.